Bí ẹ ṣe lè fi ike ṣe fèrèsé ẹ̀gbẹ́ fún ọkọ̀ Ìjàpá

Volkswagen Ìjàpá ni mò ń tún ṣe, mi ò sì jẹ́ fi ike sí fèrèsé ilẹ̀kùn. Eruku tó há sí ibi tí gíláàsì ń gbà lọ sókè sódò á ha ike náà títí ẹ ò fi ní ríran mọ́. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, gíláàsì ṣeé fọ́ jáde. Polycarbonate, ike líle tó mọ́ bíi gíláàsì, kò ṣeé fọ́ bọ̀rọ̀. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ lápá ẹ̀yìn, èyí tí kì í ṣí, ni mò ń bá yín sọ.

Perspex, tí òun náà jẹ́ ike tó mọ́ bíi gíláàsì, àti polycarbonate ni ẹ ó bá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ike pẹlẹbẹ. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Ẹ tọrọ èyí tó ṣẹ́kù lára ibi tí wọ́n ti gé e, ẹ wọ awò ojú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an. Perspex á ṣẹ́. Polycarbonate á ká. Èyí tó ká ni kí ẹ rà. Àmọ́ oòrùn máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí wọ́n kun nǹkan tó ń dènà oòrùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá tó bò ó á fi hàn yín ẹ̀gbẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọjú síta.

Ẹ mú gíláàsì àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Bó ṣe nípọn tó ni kí ike náà nípọn tó, torí rọ́bà fèrèsé kì í di ike fẹ́lẹ́ mú dáadáa.

Ẹ ya gíláàsì náà sórí páálí, kí ẹ sì gé ike kéré sí i ní mílímítà 1 yíká. Ooru máa ń mú ike fẹ̀ ju gíláàsì lọ, bí ìlọ́po 7; bí kò bá ráyè, á wú sókè. Ẹ má ṣí ọ̀rá náà. Ayùn eléyín wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò, jẹ́jẹ́, torí bí ayùn bá ń sáré jù, ike á yọ́, á sì tún lẹ̀ mọ́ra padà. Ẹ fi sáńpépà ra etí rẹ̀ dán: etí tí kò dán ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnu fèrèsé bá tẹ̀ díẹ̀, ẹ má gbé polycarbonate sínú iná. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, èyí tí wọn kò bá sì kọ́kọ́ yan gbẹ á kún fún ìléròrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní tútù, kí rọ́bà dì í mú bẹ́ẹ̀. Ike mílímítà 3 kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ara àgbá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 lọ.

Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa rọ́bà nígbà tí ẹ bá ń fi okùn fà á wọlé. Pẹtiróòlù àti tínà kò gbọ́dọ̀ kan ike náà rárá, wọ́n á sán an níbi tó tẹ̀ gan-an. Ọjọ́ tí ẹ bá dè é náà ni kí ẹ bó ọ̀rá kúrò, kí oòrùn tó yan án mọ́ ọn lára.