Ọmọ tó ń yí kiri lóru: àṣìṣe tí à ń ṣe nídìí kọ́ọ̀tì

Nígbà tí ọmọ mi pé oṣù márùn-ún, ibi tí mo bá kọ orí rẹ̀ sí lálẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń bá níbẹ̀ láàárọ̀. Lóru ọjọ́ kan ló forí gbá igi kọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí igi yí ká, kò! Ìyá mi tó wá bá mi tọ́jú ọmọ dìde, wọ́n kó ìrọ̀rí mẹ́ta, wọ́n ká ìró wọn kan bí òṣùká, wọ́n fi mọ odi yí i ká. "Kò ní forí gbá nǹkan kan mọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo padà lọ sùn.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, ìfẹ́ ló sì ń jẹ́ ká ṣe é. Ọmọ tó forí gbá igi yóò ké, ẹ ó gbé e, yóò dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín igi, ẹkún náà ni, ẹ ó rọra yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó yí, tó ki imú bọ inú ìrọ̀rí, kò lè ké. Ó lè má lágbára láti gbé ojú kúrò níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó mí jáde náà ni yóò sì máa fà símú. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má ta tìmùtìmù tí wọ́n ń so mọ́ igi kọ́ọ̀tì yí po mọ́. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ṣì ń tà á pọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀díṣíìtì, ó sì wuyì lójú.

Fóòmù tó le, tó tẹ́jú, bẹ́ẹ̀díṣíìtì tó fún mọ́ ọn dáadáa, ó tán. Bí òtútù bá ń mú, ẹ wọ aṣọ fún un, ẹ má da ìbora bò ó. Ẹ má sì fi ọ̀rá sílẹ̀ lára fóòmù nítorí ìtọ̀. Ọ̀rá lè lẹ̀ mọ́ ọmọ nímú. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ lálẹ́. (Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ èyí rárá.)

Àwọn ìyá mìíràn kì í sùn, wọ́n ń ṣọ́ ọmọ kí wọ́n lè yí i padà bó bá dojú bolẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ń tẹ́ ẹ sùn, lọ́sàn-án àti lóru, títí yóò fi pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti lè fúnra rẹ̀ yí dojú bolẹ̀, tó sì lè yí padà, ẹ fi í sílẹ̀ bó bá ṣe sùn. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fi aṣọ dì í lápá pé kó má baà yí. Ọmọ tí a dì, tó wá dojú bolẹ̀, apá wo ni yóò fi ti ara rẹ̀ sókè? Gbàrà tó bá ti fẹ́ máa yí, ẹ má dì í mọ́.

Bó bá ti ń jókòó, ẹ sọ fóòmù kalẹ̀; bó bá ń dìde dúró, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá. Ẹ má dúró dìgbà tó bá já bọ́.

Mo rí kọ́ọ̀tì kan lọ́jà tòkúnbọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń lọ sókè sódò. "Mọ̀mí, ẹ̀yìn ò ní máa dùn yín," ẹni tó ń tà á ló wí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe fà á, igun kan yọ. Irú rẹ̀ ni Amẹ́ríkà fòfin dè ní oṣù kẹfà ọdún 2011, nítorí ẹ̀gbẹ́ yẹn máa ń yọ, ọmọ á sì há sáàárín òun àti fóòmù. Ẹ mú tépù káfíńtà dání: àyè àárín igi méjì kò yẹ kó ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Bí àlàfo tó ju ìka méjì lọ bá wà láàárín fóòmù àti igi, ẹ wá fóòmù mìíràn, ẹ má fi aṣọ dí i.

Lóru àná, mo yọjú wo tèmi. Ó ti dá bùú, ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ síta láàárín igi, ó ń hanrun. Ìyá mi náà yọjú, ìrọ̀rí kan wà lábíyá wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ, wọ́n gbé ìrọ̀rí wọn padà sí yàrá.