Bí Iná Bá Lọ Lóru: Ìtọ́jú Òròmọdìyẹ àti Ẹja Inú Fírísà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó ń tọ́jú ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Àsìkò ọyẹ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó òròmọdìyẹ wọlé nítorí ọjà ọdún Àjíǹde, òru ọyẹ́ kò sì mọ ọmọ kékeré. Iná kì í ránṣẹ́ kó tó lọ. Lọ́dún 2024, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ìjọba dà lulẹ̀ káàkiri Nàìjíríà.

Òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan kò tíì ní ìyẹ́, kò sì lè pa ooru ara rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 32 sí 35 °C ló ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín in kù ní bíi 3 °C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ yóò fi bò ó. Bó bá jẹ́ gílóòbù nìkan lẹ gbójú lé, ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ fi ẹ̀mí wọn sí.

Mo jí lóru ọyẹ́ kan rí, gílóòbù ti kú. Mo ṣílẹ̀kùn, n kò gbọ́ igbe kankan. Gbogbo wọn ti gun ara wọn ní kọ̀rọ̀ kan, bí òwú tí wọ́n kó jọ. Àwọn tòkè ṣì ń mí. Àwọn tìsàlẹ̀ ti kú, àwọn ẹgbẹ́ wọn ló tẹ̀ wọ́n pa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi páálí dí gbogbo igun, kí ibi tí wọ́n wà rí roboto. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kò náni ní nǹkan kan.

Kí òròmọdìyẹ tó dé, ẹ ra èédú tó gbẹ, kí ẹ sì dán an wò: ẹ pa iná lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ fi ìkòkò èédú nìkan mú ilé gbóná, kí ẹ mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tutù. Ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Èédú tí a bá ń wá kiri lóru, òròmọdìyẹ kì í dúró dè é.

Bí iná bá lọ, ìta ni kí ẹ ti dá èédú, títí yóò fi pọ́n dáadáa tí èéfín rẹ̀ yóò tán. Ẹ gbé e lé orí yanrìn, kí ẹ fi wáyà yí i ká, nítorí èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn tètè ń gbaná. Ẹ mú òròmọdìyẹ kan, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bó bá tutù, ooru kò tíì tó. Bí wọ́n bá sá kúrò nídìí iná tí wọ́n ń la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn káàkiri tí wọ́n ń jẹun, ẹ lọ sùn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí gidigidi. Èédú tó pọ́n àti jẹnẹrétọ̀ ń tú gáàsì olóró kan jáde, òun ni carbon monoxide. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ ọ. Ó ń pa adìyẹ, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ilé ni kí ẹ fi ọ̀rá bò, kí ẹ ṣí òkè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe sùn sí yàrá tí èédú wà. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí kọ́ríídọ̀, kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé.

Ó ku fírísà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ní kété tí iná bá lọ, torí agbára tí iná fi ń padà wọlé máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ má ṣí i. Èyí tó kún lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, 24. Omi inú ọ̀rá ni kí ẹ fi kún ààyè tó bá ṣófo. Ẹ gbé ife omi kan sínú rẹ̀ títí yóò fi dì, kí ẹ fi owó ẹyọ lé e lórí. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé tí owó náà ti rì sísàlẹ̀ ife, gbogbo ẹja yẹn ti yọ́ kó tó tún dì. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á. Síse kì í pa gbogbo oró tó bá ti wọ̀ ọ́.

Òògùn àjẹsára adìyẹ ń fẹ́ 2 sí 8 °C. Ọjọ́ tí ẹ máa lò ó gan-an ni kí ẹ rà á, kí ẹ gbé e wálé nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé. Bó bá ti gbóná lọ́nà, òmíràn ni kí ẹ rà.