Ẹṣin Iwájú Kọ́ Ni Kí O Máa Wò: Àṣìṣe Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Gun Alùpùpù Ìdíje

Lóṣù tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi pè mí láti Ṣàgámù. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i o! R1 ni, Kùtọnu ló ti ń bọ̀, owó ẹ̀ ò tiẹ̀ wọ́n." Kí n tó dáhùn, fọ́tò Yamaha R1, alùpùpù ìdíje ńlá, ti wọlé: aláwọ̀ búlúù, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Ọmọkùnrin yìí ò gun ohun tó ju ọ̀kadà Boxer lọ rí láyé ẹ̀. Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀, kó jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ síbí, torí òun nìkan kọ́ ló ń bi mí. Láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó bá ti wo MotoGP, ìdíje alùpùpù tó ga jù lágbàáyé, lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, R1 ló fẹ́ rà.

Agbára tí apá ò ká ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnì R1 jẹ́ 998cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí inú ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó), agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 200. Boxer 100 ò ju nǹkan bí ẹṣin 8 lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni wá, a mọ ohun tí ẹṣin ń jẹ́. Tí wọ́n bá ń múra Ojúde Ọba, ta ló ń gbé ọmọ tí ò gun ẹṣin rí lé akọ ẹṣin tó ń fẹsẹ̀ halẹ̀? Èyí tó gbọ́ràn ni wọ́n ń fún un, ẹnì kan á sì di ìjánu mú. Lórí pápá ìsáré, àwọn tó gbọ́ràn ni Yamaha R3 tó jẹ́ 321cc àti Kawasaki Ninja 400. Ẹṣin 40 àti díẹ̀ ni agbára wọn, wọn ò sì wúwo tó 170 kílò.

"Ẹ̀gbọ́n, kékeré yẹn á sú mi láàárín oṣù kan." Kò ní sú ọ. Brad Binder, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ń sáré MotoGP, alùpùpù 250cc ló gùn tó fi di aṣíwájú àgbáyé nínú Moto3, ìdíje àwọn alùpùpù kékeré, lọ́dún 2016. Alùpùpù ńlá máa ń bo àṣìṣe mọ́ni lára. O wọ kọ́nà bí ìgbín, o jáde bí ìgbín, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti na tán, o fún un níná, ó sì gbé ọ lé àwọn tó ṣáájú rẹ bá. O wá rò pé o mọ̀ ọ́n gùn. Kékeré ò ní bò ọ́ láṣìírí.

Táyà ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń wo ojú táyà tòkunbọ̀, wọ́n á ní ó ṣì pé. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, kí o wo nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 2216, ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ máa ń gan bí ẹ̀bà àná, bí ojú rẹ̀ tiẹ̀ dáa. Èyí tó tuntun pàápàá, tí kò bá tíì gbóná, kì í di ilẹ̀ mú. Rọra lọ yíká pápá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ wọ kọ́nà. Ra géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, tìrẹ gan-an. Fọkanáísà tó ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà kó tó ní afẹ́fẹ́ ti tó, kó máa ṣe ti ọ̀kadà lọ.

Ọ̀kadà náà ló kọ́ wa ní àṣìṣe búrẹ́kì. "Má fọwọ́ kan tiwájú, á dà ọ́ nù." Mo gbọ́ ọ títí nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tí o bá ń dúró, gbogbo ìwúwo ń lọ síwájú, táyà ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀ mọ́. Tiwájú ló ń dá alùpùpù dúró. Ohun tó ń dani nù ni kéèyàn já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn, nígbà tí alùpùpù ṣì wà ní òró, kí o sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí o ti ń wọ kọ́nà.

Ọ̀rọ̀ ojú ló wá kù, òun ló sì ká mi lára jù. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi léjìká. Pápá kan ní Gúúsù Áfíríkà ni, ọjọ́ kejì mi níbẹ̀, lórí alùpùpù tí mo háyà. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ awọ pupa ṣíwájú mi, mo sì tẹ̀ lé e, mo lẹ ojú mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ́nà mẹ́ta, ó ń dùn mọ́ mi. Ní ìkẹrin, ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kan búrẹ́kì, èmi náà sì pẹ́. Òun yí wọlé wẹ́rẹ́. Èmi rí i pé eré mi ti pọ̀ jù, ojú mi sì sá lọ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ náà ni mo lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣì bá òkúta kan nínú ìbọ̀wọ́ mi.

Olùkọ́ wa bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní òkúta ni. Ó ní, "Alùpùpù yẹn gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu nìyẹn." Ó ní ó ṣì lè dẹ̀gbẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ni mo jáwọ́. Láti ìgbà náà, ibi tí mo fẹ́ jáde sí ni mo ń wò. Ẹni iwájú, kó máa lọ. Àfi tó bá ń kọ́ ọ, kò mọ̀ pé o wà lẹ́yìn òun.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ máa lọ dánra wò lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀. Lórí pápá, tí ewu bá wà níwájú, ẹnì kan á gbé àsíá yẹ́lò sókè. Tó bá le jù, pupa, gbogbo yín á rọra wọlé. Ta ló máa gbé àsíá fún ọ nítorí tírélà tó kú sójú ọ̀nà, tàbí ewúrẹ́? Wá ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n fún ọ láyè láti lò, kí o máa kọ́ bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń yí kọ́nà níbẹ̀.

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ti lulẹ̀ nínú ìjàǹbá ti parí iṣẹ́, ì báà má sán. Fóòmù inú rẹ̀ ti rún. Bọ́ dígí méjèèjì tí a fi ń wo ẹ̀yìn kúrò kí o tó wọ pápá. Da omi aláwọ̀ ewé inú rẹdiétọ̀ nù, kí o bu omi lásán sí i, torí tó bá dà sílẹ̀, yíyọ̀ rẹ̀ kọjá ti ilá. Aṣọ awọ máa ń mú ooru gan-an lábẹ́ oòrùn. Tí ọwọ́ rẹ bá ti ń gbọ̀n lórí kílọ́ọ̀ṣì, wọlé. Má sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré sí i.

R3 ni àbúrò wa padà rà. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní ó lọ ra ọ̀kadà olówó ńlá. Lánàá ló tún pè mí. Ó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta géèjì.