Bí Ọlọ́pàá Bá Mú Ẹni Yín: Ohun Tí Òfin Ọ̀daràn Ilẹ̀ Nàìjíríà Fi Lé Yín Lọ́wọ́

Nígbà tí ẹbí bá sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni iye owó tí wọn yóò san. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni pé: ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ní ó ṣẹ̀, abẹ́ òfin wo ló sì wà? Abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ dá ènìyàn lẹ́bi nítorí ohun tí òfin àkọsílẹ̀ kò pè ní ẹ̀ṣẹ̀, tí kò sì sọ ìjìyà rẹ̀. Ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ti ọdún 1961 fi èyí múlẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ti dá obìnrin kan lẹ́bi pé ó ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé bó ti wù kí ìwà náà burú tó lójú àwùjọ, kò sí òfin àkọsílẹ̀ tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn.

Láti inú ìlànà yìí ni ẹ óò ti mọ̀ pé gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ACJA, kà á léèwọ̀ láti mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Ó tún kà á léèwọ̀ láti mú ìyá dípò ọmọ, tàbí ìyàwó dípò ọkọ tó sá lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ ní òfin tiwọn tó jọ ọ́. Èkó ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 2007, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tan ara yín: ẹni tó fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ti kúrò ní ajigbèsè, ó ti di afurasí.

Èrò ọkàn náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó mú fóònù ẹlòmíràn níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì rẹ̀, nítorí pé ó jọ tirẹ̀, kò jalè. Bí ó bá mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀, tó yọ síìmù rẹ̀ sọnù, ó jalè. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀ pé òfin wà, ìyẹn kì í ṣe àwíjàre.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ìwé tí ọlọ́pàá ń kọ ọ̀rọ̀ afurasí sí, èyí tí à ń pè ní sítétímẹ́ǹtì, nítorí pé orí ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bà jẹ́ kí adájọ́ tó fojú kan olùjẹ́jọ́ rárá. Lókè ìwé náà ni ìkìlọ̀ wà pé kò pọn dandan kí ó sọ ohunkóhun àfi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n pé ohun tó bá sọ, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lè lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún un ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹnikẹ́ni tó bá yàn sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ rí lọ́yà mi kí n tó sọ̀rọ̀” ti tó. Kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Bí kò bá lówó lọ́yà, iṣẹ́ Legal Aid Council ni láti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ó bá yàn láti sọ̀rọ̀, kí ó sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́ jù, kí ó sì béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè náà. Ẹni tó sọ pé, “A jọ ń fa igi mọ́ ara wa lọ́wọ́ ni ó ṣubú,” lè bá a nínú ìwé pé òun fi igi lu ẹni náà ṣubú. Nítorí náà, kí wọ́n kà á sí i létí látòkè délẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka, kí ó má sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lù ú kí ó tó jẹ́wọ́, òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò fàyè gba irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ọrùn olùpẹjọ́ ló sì wà láti fi hàn pé tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ní ọjọ́ tó bá jáde, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ gba ìwé dókítà, kí agbẹjọ́rò sì tako sítétímẹ́ǹtì náà ní kété tí wọ́n bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ nílé ẹjọ́.

Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un ní ìwé, ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ tó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí àkókò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ilé ẹjọ́ bá rí pé ó bójú mu. Ìlànà ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ènìyàn dé ilé ẹjọ́ yìí kò kan ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, bí ìpànìyàn. Béèlì lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Obìnrin náà lè ṣe onídùúró; ACJA sọ ọ́ ní pàtó, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni lé ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin padà. Ṣùgbọ́n kí onídùúró mọ ohun tó ń fọwọ́ sí: bí ẹni náà bá sá, owó tó wà nínú ìwé náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé ẹjọ́, wọn yóò ka ẹ̀sùn sí olùjẹ́jọ́ létí, wọn yóò sì bi í bóyá ó jẹ̀bi. Bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe sọ pé òun jẹ̀bi nítorí pé ẹnì kan ṣèlérí fún un pé adájọ́ yóò ṣàánú. Aláìṣẹ̀ ni òfin kà á sí, olùpẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn débi tí iyèméjì tó nídìí kò fi ní ṣẹ́ kù, a kò sì lè fi dandan mú olùjẹ́jọ́ láti jẹ́rìí. Bí ilé ẹjọ́ gíga bá dá a lẹ́bi, ọjọ́ 90 ló ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí agbẹjọ́rò ti kọ̀wé béèrè fún ẹ̀dà ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí kí ẹbí tó kúrò ní ọgbà ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà.