Bàbà Inú Oògùn Kòkó: Ibi Tó Ń Gbà Lọ Lẹ́yìn Tí A Bá Fín Oko Tán

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà, bí òjò bá ń rọ̀ léraléra tí èso kòkó bẹ̀rẹ̀ sí dúdú lórí igi, oògùn tó ní bàbà nínú la sábà máa ń fín sí i. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, a ò ní kí ẹ pa á tì. Àmọ́ bàbà kì í jẹrà. Èyí tí òjò bá fọ̀ kúrò lára ewé, ilẹ̀ oko á gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù á bọ́ sódò.

Ọ̀nà tí bàbà gbà wà nínú omi ju ẹyọ kan lọ. Òmíràn dá wà, kò so mọ́ nǹkan kan. Òmíràn so mọ́ oje ewé jíjẹrà, òmíràn lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Èyí tó dá wà gan-an ló ń pa ẹja: ibi tí ẹja fi ń mí ló ń lẹ̀ mọ́, kì í sì í jẹ́ kí iyọ̀ ara rẹ̀ dúró. Èyí tó ti so mọ́ nǹkan dà bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni bù jẹ. Ìdí nìyẹn tí odò tó mọ́ gaara, tí ọṣẹ ń tètè hó nínú rẹ̀, fi léwu fún ẹja ju odò tó pọ́n nítorí ewé jíjẹrà lọ, bí bàbà inú wọn tilẹ̀ dọ́gba. Bí omi bá tún ní èròjà kíkan (ásíìdì) nínú, ewu náà á pọ̀ sí i. Ojú lásán kò lè mọ èyí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mílígíráàmù 2 nínú lítà kan ṣe òṣùwọ̀n bàbà fún omi mímu. Irú àwọn ọmọ ẹja kan kò lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó bá ní adágún ẹja, kó má rò pé omi tí òun ń mu ti tó fún ẹja.

Omi wa ń ṣàn lọ sí gúúsù títí dé ọ̀sà Lẹ́kkí, ó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀sà Èkó, níbi tó ti ń pàdé omi òkun. Bí omi odò bá kan iyọ̀, ẹrẹ̀ tó léfòó àti irin inú omi á dì pọ̀, wọn á rì, wọn á gbé díẹ̀ nínú bàbà náà lọ sísàlẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú omi, oje ohun jíjẹrà ló sábà máa ń di èyí tó ju 99 nínú 100 rẹ̀ mú, kì í ṣe iyọ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tí atẹ́gùn kò dé á pa tirẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bí wọ́n bá hú u sókè.

Nítorí náà, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ pọn omi wá sóko, ẹ má po oògùn létí odò. Inú ike ni kí ẹ ti po ó: oògùn aláwọ̀ aró a máa jẹ garawa irin, bàbà rẹ̀ á sì lọ lẹ̀ mọ́ irin náà. Omi tí ẹ fi ṣan páǹpù, ẹ fín in padà sórí kòkó. Bí òjò bá ṣú, ẹ dúró. Ẹ ká èso tó ti dúdú kúrò, kí ẹ sì rẹ́ ẹ̀ka kí atẹ́gùn lè wọlé. Oògùn tí ẹ máa lò á dín kù.

Síse kò lè mú bàbà kúrò nínú omi. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ni bàbà inú ìyókù ń ki sí i. Kànga tó wà nísàlẹ̀ oko kòkó, tí omi rẹ̀ ń ta ẹnu bí irin, ẹ bu omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ máa mu òmíràn ná.