Ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó kẹ́ ẹ tó ra gìtá: bí báǹdì ṣe lè pẹ́ kó má tú ká

Àwọn ọmọ àdúgbò Tanke mẹ́rin kan ní Ìlọrin gbé àmpù tó ń hó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́sí pé kí n bá àwọn tún un ṣe, ọ̀rọ̀ dọ́rọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá báǹdì sílẹ̀, gìtá wo ló dáa káwọn rà. Mo ní ẹ fi gìtá sílẹ̀ ná. Tówó bá wọlé, báwo lẹ ṣe máa pín in? Wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀gbọ́n, owó dà?" Mo ní ìgbà tówó ò tíì sí gan-an nìyẹn lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, tó bá ti dé ẹ ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ohun tí mo bá wọn sọ ni mo fẹ́ tẹ̀ síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń ro irú ẹ̀ pọ̀, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Òmù-Àrán.

Báǹdì tí mo fi ń ṣàlàyé fún wọn ni R.E.M., àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ má sọ pé rọ́ọ̀kì lèyí, kí ló kàn wá, èmi náà ò gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin tó ń kọrin wọn ń sọ, àwọn òyìnbó gan-an ò gbọ́ ọ tán níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ni pé ọdún 31 ni wọ́n fi wà pa pọ̀, 1980 sí 2011, wọ́n lówó, wọ́n lókìkí, wọn ò bá ara wọn délé ẹjọ́, ọjọ́ tí wọ́n máa pín yà wọ́n pín yà bí ẹni jẹun tán tó fọwọ́. Báǹdì mélòó lẹ mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ èèyàn kọ́kọ́. Ẹ má wá ẹni tó mọ ọ̀n lù jù, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ lè jọ wà nínú bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin dé Abùjá tí ẹ ò ní máa wá ibi tẹ́ ẹ máa já a sílẹ̀ sí. Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia làwọn R.E.M. ti bẹ̀rẹ̀, ìlú yunifásítì ni, ẹ ṣáà fojú inú wo Tanke, akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ lósì. Peter Buck tó di onígìtá wọn ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, Michael Stipe tó di olórin wọn á wọlé wá, àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí Buck ti tọ́jú pa mọ́ fún ara ẹ̀ gan-an ni Stipe á ní òun fẹ́ rà, bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Mike Mills tó ń ta béèsì àti Bill Berry onídírọ́ọ̀mù ti mọ ara wọn láti ilé ẹ̀kọ́ ní Macon. Buck fúnra ẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ gìtá ta nígbà yẹn o. Eré àkọ́kọ́ wọn, April 5, 1980, ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wọn kan ni, inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe gbọ̀ngàn olówó ńlá. Ẹni tó bá ń dúró de gbọ̀ngàn kó tó bẹ̀rẹ̀ á dúró pẹ́.

Ó wá kan owó. Èmi náà ti wà ní báǹdì rí, béèsì ni mò ń ta. Ní 2014 a lọ ṣeré òkú àgbà kan ní Òmù-Àrán, àwọn ọmọ olóòkú náwó fún wa lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé owó ń jó wọn lọ́wọ́. Nígbà tá a wọnú bọ́ọ̀sì pé ká máa bọ̀ n'Ílọrin, ẹni tó ń kọrin wa tú owó náà sórí ìjókòó, igba náírà, ọgọ́rùn-ún náírà, òmíràn ti ya, òmíràn ṣì tutù fún òógùn torí iwájú orí ẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. A kà á, ó jẹ́ ₦46,000. Ó ka ₦4,000 fún èmi, ó ka ₦3,000 fún onílù wa, ó ní òun lòun kọrin, orí òun ni wọ́n lẹ owó mọ́. Onílù ò sọ nǹkan kan. Ó kó ọ̀pá ìlù ẹ̀ méjèèjì sínú ọ̀rá dúdú kan, ó so ó, nígbà tá a dé Àjàṣẹ́-Ìpo ó ní kí dẹ́rẹ́bà bá òun dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó kí wa pé ó dàárọ̀ o. A ò rí i mọ́ dòní. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, báǹdì ti kú.

Ohun tí R.E.M. ṣe rèé: orin yòówù tí wọ́n bá ṣẹ̀dá, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wà níbẹ̀, Berry, Buck, Mills, Stipe, bí a-b-d ṣe tò ó ni wọ́n ṣe tò ó, wọn kì í bi ara wọn pé ta ló mú ọ̀rọ̀ wá, ta ló mú ohùn wá. Owó ẹ̀ náà, ọgbọọgba. Ẹ sì jẹ́ kí n là á yé yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í mọ̀: owó òde eré, ọjọ́ kan ni, ẹ jẹ ẹ́ ó tán, àmọ́ owó ẹni tó ṣẹ̀dá orin, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹnu kọ ọ́, níbi tí wọ́n bá ti ń san án bó ṣe yẹ, yóò máa wọlé níwọ̀n ìgbà tí rédíò bá ṣì ń gbé orin náà. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń jẹ ìyẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ẹnì kan á ti kọ́lé, àwọn yòókù á máa bá a wọkọ̀. Wọ́n tún jọ jẹun lórí tábìlì kan náà bí? Onídírọ́ọ̀mù R.E.M. ń gba iye tí olórin ń gbà, kò sẹ́ni tó nídìí tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Mi ò sọ pé báǹdì ọlọ́gàá ò dáa o. Nídìí dadakúàdà wa níbí, nídìí fújì, nídìí àpàlà, ọ̀gá ló ni orúkọ, ọ̀gá ló ni ìlù, ọ̀gá ló ń fún ọmọ ẹ̀yìn lówó, bó ṣe wà láyé Odolaye Aremu nìyẹn, gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni tẹ́ ẹ bá ń pe ara yín ní ọ̀rẹ́ nígbà rìhásà, tówó wá dé, ẹnì kan wá dọ̀gá lójijì.

Nítorí náà ẹ ya ojú ìwé kan nínú ẹsásáìsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọkọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ yọ, ẹ yọ díẹ̀ sápò báǹdì, ẹni méjì ni kó máa mójú tó àpò yẹn, kì í ṣe ẹnì kan. Ìyókù, ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín in, owó tí wọ́n bá ná fún yín lójú agbo náà ńkọ́, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ torí òun ló ń fa ìjà jù. Owó orin. Ta ló ni àmpù tí ẹ jọ rà. Ta ló máa ni orúkọ tẹ́ ẹ bá tú ká. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ jù ú sórí WhatsApp yín. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ lọ́yà ẹ fi hàn án, R.E.M. ní Bertis Downs, lọ́yà tó ti wà lẹ́yìn wọn látìgbà tí wọn ò tíì jámọ́ nǹkan kan.

Òfin kejì wọn: bí ẹnì kan péré nínú mẹ́rin bá ní rárá, rárá ni. Èyí le, mi ò purọ́. Tẹ́ ẹ bá lò ó lórí aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ òde, ẹ ò ní kúrò nílé. Ẹ fi sórí orin tó máa jáde àti ìwé tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí, ó tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ rọra. Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wọn, 1981, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń jẹ́ Hib-Tone ló gbé e jáde, 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni wọ́n ń gbé kiri, ìlú kéékèèké, ilé ọtí kéékèèké. Wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù míì, I.R.S., ní 1982, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ jáde, ó di 1987 kí wọ́n tó ní orin kan tó wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ l'Amẹ́ríkà, ẹ kà á, ọdún méje. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bá ilé iṣẹ́ ńlá, Warner. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá yín torí àtiṣe fídíò kan l'Ékòó, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín ní Ọ̀fà, ní Ìjàgbó, ní Òró.

Ní sítúdíò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti yín. Kí R.E.M. tó ṣe Murmur, álíbọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wọn mú pùrọ́dúsà kan wá, ó ní kí wọ́n tún un lù, wọ́n tún un lù, ó ní kí wọ́n tún un lù sí i, ó rẹ̀ wọ́n, ó tún lọ fi kíbọ́ọ̀dù kún orin wọn lẹ́yìn wọn. Wọn ò bá a jà. Wọ́n lọ bẹ ilé iṣẹ́ pé ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Mitch Easter tó mọ̀ wá, òun àti Don Dixon ló sì bá wọn ṣe é. Ìwé ìròyìn Rolling Stone ní òun ni álíbọ́ọ̀mù tó dáa jù ní 1983, wọ́n gbé e síwájú Thriller ti Michael Jackson! Ẹni tó bá fẹ́ da autotune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, sórí gbogbo ohùn yín láì bi yín, ẹ rọra gbé fláàṣì yín.

Ẹ sì máa fi fóònù gba rìhásà sílẹ̀, gbogbo ẹ̀, àti àṣìṣe. Buck ń kọ́ màńdólíìnì, ohun èlò olókùn kékeré tó jọ gìtá, ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń ta á jẹ́jẹ́, ó tan kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, nígbà tó gbọ́ ọ padà ló rí nǹkan kan níbẹ̀ láàárín ìdọ̀tí tó kù. Òun ló di Losing My Religion, 1991, ipò 4 l'Amẹ́ríkà, orin tí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ lágbàáyé.

Tí òkìkí bá dé, ara ńkọ́? Wọn ò lọ ìrìn àjò eré fún álíbọ́ọ̀mù 1991 tí orin yẹn wà nínú ẹ̀, wọn ò lọ fún ti 1992 náà, àwọn méjì tó tà jù rèé o. Ìgbà tí wọ́n padà sójú títì ní 1995, March 1, wọ́n wà lórí ìtàgé ní Lausanne, Switzerland, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ Bill Berry bẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àwọn yòókù dúró tì í títí ara ẹ̀ fi yá. Ní 1997 ó ní òun fẹ́ lọ, òun ò fẹ́ mọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló máa tú báǹdì ká, òun ò ní lọ. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n jẹ́ kó lọ, ó lọ ń dáko. Stipe ní ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣì ni ajá, ó kàn máa kọ́ bó ṣe máa sáré lọ́tọ̀ ni. Lójú tèmi o, ajá yẹn tiro díẹ̀, àwọn orin ẹ̀yìn ìgbà yẹn ò mú mi bí ti tẹ́lẹ̀. Ní September 2011 wọ́n ní ó tó, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kúrò. Ní 2024 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti Berry, tún jọ dìde kọrin kan ṣoṣo ní New York níbi tí wọ́n ti ń yẹ́ àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin sí.

Àwọn ọmọ Tanke padà wá gbé àmpù wọn lọ́jọ́ kẹta, kàpásítọ̀ kan ló wú, mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n mú ojú ìwé ẹsásáìsì wá fi hàn mí, wọ́n fi bíírò aláwọ̀ búlúù kọ ọ́, wọ́n gbìyànjú. Mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń kọrin wọn ò tíì fọwọ́ sí i, ó ní òun ń rò ó.