Ẹni méjì ń gbọ́ ara wọn, ẹni kẹta wọlé, gbogbo ilé dákẹ́

Aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Àwa kan wà n'Íbàdàn, àwọn kan wà ní London, àwọn tó kù wà ní Houston. Nítorí pé Zoom ọ̀fẹ́ kì í kọjá ìṣẹ́jú 40, mo gbé Jitsi, ètò ìpàdé bíi ti Zoom, sórí sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìpàdé wa) tí a háyà lórí cloud, ìyẹn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní London, ó sì ń ṣe wá dáadáa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èèyàn mọ́kànlá ti wọlé. Orúkọ gbogbo wa hàn, àmọ́ àwòrán ṣú dùdù, ohùn kò sì jáde. Màmá akápò wá tẹ̀ ẹ́ síbi àtẹ̀jíṣẹ́: “Ẹ kú alẹ́ o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Kò sẹ́ni tó gbọ́ wọn.

Lórí WhatsApp, kíá lẹnì kan ti sọ pé wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá ti tún já. N kò dá a lẹ́bi. Ní 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, ló bàjẹ́ nítòsí Abidjan, títí kan àwọn báńkì ló mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n àwọn ará London náà kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìlú tí sáfà wà gan-an ni wọ́n jókòó sí. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ òkun kúrò lọ́kàn.

Mo ping sáfà náà láti Ìbàdàn nígbà 50, ìyẹn ni pé mo fi ìsọfúnni kékeré kàn án wò bóyá á dáhùn. Gbogbo rẹ̀ ló dáhùn, nǹkan bí 100 ms (ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá) lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wọ inú sáfà fúnra rẹ̀: kò sí ohun tó kú níbẹ̀. Ojúewé tí ilé iṣẹ́ cloud fi ń sọ ipò iṣẹ́ wọn ní ohun gbogbo dára, àmọ́ n kì í gbára lé irú ojúewé bẹ́ẹ̀, torí ìròyìn ibẹ̀ máa ń pẹ́ dé.

Ìgbà náà ni akọ̀wé rán mi létí pé èmi àti òun ti dán an wò lọ́sàn-án, àwa méjì péré, tí ohùn ń dún ketekete. Mo bẹ gbogbo wọn kí wọ́n jáde, ó ku èmi àti akọ̀wé. Ohùn dé! Mo ní kí alága wọlé, gbogbo wa tún dákẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni méjì bá wà nínú Jitsi, kọ̀ǹpútà wọn máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Bí ẹni kẹta bá ti dé, ohùn àti àwòrán gbọ́dọ̀ gba inú sáfà kọjá, UDP port 10000, ọ̀kan lára àwọn ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà tí sáfà ní, ni wọ́n sì ń gbà. Orúkọ wa àti àtẹ̀jíṣẹ́ akápò, ẹnu ọ̀nà mìíràn, TCP 443, ni tiwọn. (UDP àti TCP jẹ́ ọ̀nà méjì tí ìsọfúnni ń gbà rìn.) Ẹnu ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀, wọ́n ti ìkejì.

Mo tẹ èyí sórí sáfà, kí ó lè fi ohun tó bá gba 10000 hàn mí ní ìlà-ìlà:

sudo tcpdump -ni any udp port 10000

Mo ní kí àwọn mẹ́ta máa sọ̀rọ̀ lọ. Ká ní ohùn wọn ń dé sáfà ni, ìlà á máa já bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí òjò. Odidi ìṣẹ́jú méjì, n kò rí ìlà kan. Firewall inú sáfà, ìyẹn aṣọ́nà tó ń yan ohun tó lè wọlé, gba 10000 láyè, nítorí náà ìta ni wọ́n ti ń dá a dúró. Mo ṣí firewall ti orí cloud: 22, 80 àti 443 nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń bójú tó o ti palẹ̀ àwọn òfin tí kò mọ iṣẹ́ wọn mọ́. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ 10000 tí yóò fi mọ̀.

Mo dá òfin 10000 padà, mo ní kí wọ́n tún wọlé. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ohùn alága sì jáde, wọ́n ti ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin yẹn ni: “Ohùn ìpàdé ń gba ibí. Ẹ má yọ ọ́.” Èèyàn mẹ́ta la sì fi ń dán an wò ní gbogbo ọ̀sán Sátidé.